Àwọn Iṣan Tó Já Kúrò Nídìí Abọ́

Wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri mọ́ṣáláṣí wa ní St. Georg, ní Hamburg níbí, pé ọkàn mi le bí òkúta. Wọ́n ní arúgbó tó ti ń múra àtilọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó wá tọrọ àforíjì. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ní kí n foríjì. Èmi mọ̀ ọ́n. N ó sọ ọ́ níbí, kí ẹni tó bá tún fẹ́ bú mi lè bú mi pẹ̀lú ìmọ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Spandau, ní Berlin, tí mo ti ń pè ní ẹ̀gbọ́n láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́. Lọ́dún yìí ni ó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ní àárín wa, ẹni tó bá ń lọ a kọ́kọ́ lọ bá gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀, a ní kí wọ́n foríjì òun, kí ó má baà ru ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ lọ síbi tó ti fẹ́ lọ wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù. Àṣà tó dára ni. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ti bà á jẹ́. Wọ́n á ká gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀ bí ẹni ká aṣọ sínú àpò: “Ohun yòówù tí mo bá fi ṣẹ̀ yín, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀.” Ìwọ náà á ní o ti foríjì í, ó parí, ó di ilé kejì. Kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ ohun tó ṣe.

Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé kò wá fúnra rẹ̀. Ìyá àdínì mọ́ṣáláṣí wa ló rán sí mi. Obìnrin náà gun òkè wá bá mi nílé mi ní Billstedt, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó jókòó kí n tó ní kó jókòó.

“Alhaja, ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Berlin ló rán mi sí yín.”

“N ò ní ẹ̀gbọ́n kankan ní Berlin.”

“Háà! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ ò yá mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, inú kẹ̀kẹ́ ló wà. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín, gbogbo ohun tí òun bá fi ṣẹ̀ yín…”

“Èyí tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ti mọ̀ ọ́n.”

“Èyí tó mọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ ní kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

“Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́! Láti Berlin! Alhaja, ọ̀nà jìn.”

“Mẹ́kà jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó wò mí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹnu yín mú o. Ṣé abẹ ni ẹ fi ń jẹun ni?” Ó jẹ àkàrà tí mo gbé síwájú rẹ̀, ó sì lọ jíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣe.

Mo dé Berlin láti wá gba oyè ọ̀mọ̀wé, lẹ́yìn tí mo ti fi ipò kìn-ín-ní jáde ní yunifásítì nílé. Ọkùnrin yìí ti wà ṣáájú mi ní Labor, yàrá ìwádìí tí wọ́n gbà mí sí. Ọmọ Ògùn ni, bíi tèmi, ó sì jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Òun ló bá mi wá yàrá ní Spandau, ìyàwó rẹ̀ ló fún mi ní ìkòkò tí mo kọ́kọ́ fi dáná níbẹ̀. N kò sẹ́ oore yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ìkòkò wọn padà, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ wa ni láti wo bí iṣan ṣe ń di iṣan. Ẹran tí a fi ń rìn, tí a fi ń gbẹ́rù, kì í bẹ̀rẹ̀ bí ẹran. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni, olúkúlùkù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó ń pín sí méjì-méjì nínú omi oúnjẹ tí a bá fi sí abọ́ pẹlẹbẹ. Bí oúnjẹ bá pọ̀, wọn ò ní dàgbà. Wọ́n á kàn máa pọ̀ sí i ni. Ìgbà tí a bá dín oúnjẹ náà kù ni wọ́n á ṣíwọ́ ìpín, wọ́n á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ara wọn á wọnú ara, ọ̀pọ̀ á di ọ̀kan ṣoṣo tó gùn bí okùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ purotéènì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń fa okùn náà kúrú nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́ ni à ń pè ní máyósìn, kì í sì í ṣe oríṣi kan. Ti ọlẹ̀ inú ìyá wà, ti ìkókó wà, ti àgbà náà wà. Iṣan a kọ́kọ́ ṣe ti ọlẹ̀. Tó bá yá, a wó o, a fi ti ìkókó dípò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí a tún wó ti ìkókó, a fi ti àgbà rọ́pò. Ó dà bí ẹni tó ń gbé inú ilé kan, tó ń yọ igi òrùlé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi tuntun sí i, tí òrùlé náà kò sì já lé e lórí lọ́jọ́ kan. Títí dòní, bí mo bá rántí rẹ̀, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn nǹkan díẹ̀ tí kò tíì já mi kulẹ̀ láyé yìí.

Ìṣòro wa ni pé iṣan inú abọ́ kì í dàgbà. Kò sí ọpọlọ tó máa rán àṣẹ sí i pé kó gbéra, nítorí náà ti ọlẹ̀ ló máa ń wà nínú rẹ̀ ṣáá. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì fara mọ́ ọn.

Àràárọ̀ ni a máa ń tú omi àtijọ́ kúrò nínú àwọn abọ́ náà, tí a ó fi tuntun sí i. Nígbà mìíràn okùn bíi mélòó kan á ti já kúrò nídìí abọ́, á máa léfòó. Òkú ni a ń pè wọ́n. A ó dà wọ́n nù pọ̀ mọ́ omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wà nídìí maikirosikóòpù, mo rí ọ̀kan tó ń já lọ lójú mi. Kò kú rárá. Ńṣe ló ń fà, tó ń súnkì, ó ń ta bí ẹja tó bọ́ sórí ilẹ̀, títí ìdí rẹ̀ fi tú. Mo jókòó tì í. Mo wá bi ara mi léèrè pé, bó bá jẹ́ pé èyí tó lágbára jù ló ń já, tí a sì ń da àwọn yẹn nù, ta wá ni a ń yẹ̀ wò láti ọjọ́ yìí? Àwọn tí kò lè ta pútú ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èyí tó já jọ. Mo fi èròjà tó ń dá máyósìn àgbà mọ̀ sí wọn, èyí tí a so àwọ̀ mọ́ kó lè tàn nínú òkùnkùn bó bá rí ohun tó ń wá. Ó tàn. Ó tàn yòò láti orí okùn dé ìdí rẹ̀. Iṣan inú abọ́ ti dàgbà, a sì ti ń dà á sínú kòtò omi.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ fi hàn. Ta ni ǹ bá tún fi hàn? Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

“Pàǹtírí lo ń kó jọ yìí, àbúrò mi. Ṣé akólẹ̀ ni wọ́n gbà ọ́ sí níbí ni?”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣàwàdà. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo bímọ. Ní ilé tiwa, ìyá ìkókó kì í jáde títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, ọkọ mi kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn, Berlin ni o, Mẹ́kà ni o. Ẹ̀gbọ́n wá síbi ìsọmọlórúkọ. Òun gan-an ló gbé ọmọ mi dání nígbà tí wọ́n ń ṣàdúà. Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: “Ìyá ìkókó, fọkàn balẹ̀ o. Ìwọ tọ́jú èyí, èmi á bá ọ tọ́jú àwọn ọmọ rẹ tó wà nínú abọ́.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹ ò rí i bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe ara wa lóore lẹ́yìn odi.

Nígbà tí mo padà dé Labor, ọ̀gá wa, òyìnbó tó ni ibẹ̀, bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó kí mi kú oríire ọmọ, ó wá ní kí n bá òun kí ẹ̀gbọ́n mi, pé ohun tó rí yìí á gbé orúkọ Labor wa ga. Mo ní kí ló rí. Ó ní ṣé n kò tíì gbọ́ ni? Iṣan tó já kúrò nídìí abọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ti dúró níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, ó ti sọ ọ́, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ti gbà á. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣèrànlọ́wọ́, lẹ́yìn orúkọ obìnrin tó ń fọ abọ́.

Mo bá a ní yàrá tútù tí à ń kó nǹkan sí, níbi tó ti ń to ìgò. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ mi lẹ kó lọ yìí.”

Kò tijú. Ó kàn wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó ń sunkún nítorí àkàrà. “Èmi tàbí ìwọ, kí ni ìyàtọ̀ níbẹ̀? Ṣé àwọn òyìnbó yìí mọ̀ wá yàtọ̀ ni? Orúkọ tiwa ló wọlé. Dúpẹ́.”

Mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà. Ọ́fíìsì kan wà ní yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ló dá mi dúró. “Ìwọ ló fẹ́ lọ fẹjọ́ ọmọ Yorùbá sun òyìnbó? Ẹni tó gbé ọmọ rẹ dání? Jẹ́ kí àwọn àgbà yanjú ẹ̀ nílé.” Àwọn àgbà náà dá sí i. Wọ́n ní àwọn á pe ìpàdé lẹ́yìn Jímọ̀. Nígbà tí Jímọ̀ dé, ẹnì kan nínú wọn ti lọ sílé. Nígbà tí onítọ̀hún dé, ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní a kì í da irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ààwẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, ẹnì kan kú. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Ìpàdé náà kò wáyé títí di òní olónìí.

Nígbà tí mo wá dá lọ sí ọ́fíìsì náà, wọ́n ní àkókò tí mo lè fi mú ẹ̀sùn wá ti kọjá. Wọ́n bi mí pé bó bá jẹ́ tèmi lóòótọ́, kí ló dé tí n kò tètè wá? Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ààwẹ̀ àti Jímọ̀ àti òkú fún wọn? Ní ti oyè ọ̀mọ̀wé mi, wọ́n ní ohun tí ẹlòmíràn ti gbé jáde kò lè jẹ́ ìwádìí tuntun mọ́. Kí n wá nǹkan mìíràn. N kò wá nǹkan mìíràn. Ọkọ mi ti kú báyìí. N ò ní bú òkú, n ò sì ní yìn ín.

A kó lọ sí Hamburg. Mo ríṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹran wò, láti mọ̀ bóyá ẹran màlúù tí wọ́n kọ sára páálí ló wà nínú páálí lóòótọ́. Purotéènì iṣan náà ni, ṣùgbọ́n ti èyí tó ti kú, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti fi iyọ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Òun di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá ń ṣe ìpàdé ní Berlin, àga iwájú ni tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un.

Ó wá. Mi ò rò pé yóò wá, àmọ́ ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Spandau, nítorí pé ẹ̀rù Mẹ́kà ń bà á. Wọ́n kó wa jọ sí yàrá tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní St. Georg, lẹ́yìn ìrun alásárì, èmi, ìyá àdínì àti àwọn obìnrin mélòó kan tó fẹ́ rí nǹkan wò.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé. Mo wo itan ọkùnrin náà nínú ṣòkòtò. Ó ti gbẹ bí igi. Mo mọ ohun tó ń lọ nínú irú itan bẹ́ẹ̀. Bí iṣan àgbà bá bàjẹ́, tó ń gbìyànjú àtitún ara rẹ̀ ṣe, máyósìn ọlẹ̀ ló tún máa ń padà sí, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ orí tiwa, kì í sábà lọ jìnnà. N kò káàánú rẹ̀.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ dáadáa. “Ẹ káàsán, mà.” Ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ parí sí. Ó wá fi èdè Jámánì sọ fún mi pé dókítà ni òun, àrùn iṣan ni òun ń tọ́jú, pé inú òun dùn láti rí ẹni tó bá bàbá òun ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó ní ìtàn iṣan tó já kúrò nídìí abọ́ ni bàbá òun máa ń sọ fún òun kí òun tó sùn. Òun ló jẹ́ kí òun yan iṣẹ́ náà.

Mo wo bàbá rẹ̀. Ó gbójú sílẹ̀.

“Àbúrò mi, mo dé.”

“Mo rí yín. Ẹ wí.”

“Gbogbo ohun tí mo bá…”

“Rárá o. Èyí tí ẹ mọ̀.”

Ó yíjú wo ọmọ rẹ̀, èyí náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní Yorùbá ìlú wa, kíákíá, ní ohùn ìsàlẹ̀: “Ìwọ lo rí i. Èmi kọ́. Nígbà tí o wà nílé pẹ̀lú ìkókó ni mo kó o. Mo mọ̀ pé tìrẹ ni. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, mo sì mọ̀ ọ́n títí di òní. Foríjì mí.”

Ìyá àdínì ṣàtẹ́wọ́. “Alhamdulilahi! Ó ti dárúkọ ẹ̀! Alhaja, ó kù sọ́wọ́ yín o!” Àwọn obìnrin yòókù ń ké Allahu Akbar. N kò ní purọ́, àyà mi rọ̀. Gbólóhùn tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà èwe mi ni. Mo ti la ẹnu.

Ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ ní Jámánì pé kí ló sọ tí inú gbogbo èèyàn fi dùn báyìí.

Ó dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò tiẹ̀ ronú sí i: àdúà ni à ń ṣe.

Mo pa ẹnu mi dé.

“Ẹ sọ ọ́ ní Jámánì,” ni mo wí.

“Kí ni?”

“Èyí tí ẹ sọ fún mi tán yìí. Kí ọmọ yín gbọ́.”

“Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Kí ló kan ọmọdé níbẹ̀?”

“Òun lẹ sọ ìtàn náà fún.”

Ìyá àdínì dìde. “Alhaja! Ṣé Ọlọ́run ò gbọ́ Yorùbá ni?”

“Ọlọ́run gbọ́. Ọlọ́run kọ́ ló purọ́ fún tán báyìí.”

“A kì í tú àṣírí àgbà lójú ọmọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe é.”

“Ẹ̀yin àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ fún mi rí,” ni mo ní. “Ẹ ní kí n má fẹjọ́ rẹ̀ sun òyìnbó. Ẹ ní kí n má da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ààwẹ̀. Ẹnu èmi nìkan lẹ mọ̀ ọ́n pa dé.”

Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí mi. “Jọ̀ọ́. Má dójú tì mí lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ni mo ní.”

Ọmọ náà ti ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó bi mí ní Jámánì pé kí ló ṣẹlẹ̀. Èmi ló bi, kì í ṣe bàbá rẹ̀, mo sì dá a lóhùn ní Jámánì tó já gaara: pé èmi ni mo rí iṣan tó já, pé bàbá rẹ̀ kó iṣẹ́ náà nígbà tí mo wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ tuntun, pé ohun tó jẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo wọn tán nìyẹn, kì í ṣe àdúà.

“Stimmt das, Papa?” Ṣé òótọ́ ni?

Ó tẹ́ aṣọ àgbádá rẹ̀ sórí orúnkún, ó tún un tẹ́.

“Sie war auch dabei,” ló wí.

Ìyá àdínì tó ti wà ní Hamburg láti ọjọ́ pípẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ó ní èmi náà wà níbẹ̀.

Mo dìde, mo mú àpò mi. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá kí òun àti àwọn obìnrin náà lè gbọ́, mo tún un sọ ní Jámánì nítorí ọmọ náà: “N ò foríjì yín. Ẹ máa lọ bá Ọlọ́run. Òun náà wà níbẹ̀.”

Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ló yẹ kó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kiri ní Mẹ́kà, pé kò bá a lọ mọ́, àjòjì ló tì í. Wọ́n ní èmi ni mo fà á. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ti dé báyìí, Alhaji ni wọ́n ń pè é. Ìyá àdínì tẹ̀ mí láago pé gbogbo wọn ń lọ sí Spandau lọ́jọ́ Àìkú láti lọ kí i káàbọ̀, pé ààyè mi wà nínú ọkọ̀, pé kí n fi tọwọ́ tẹsẹ̀ gbàgbé.

Mo ní kí ó fún ẹlòmíràn láàyè náà.